Ọkọ̀ Oníbátìrì Olúyọ̀lé àti Ọjọ́ Mẹ́jọ Mi ní Ìbàdàn

Láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí, ẹ̀yin ará Kétu, pé báwo ni Ìbàdàn ṣe rí. Ẹni tó bá rí mi lọ́nà oko á dá mi dúró. Ẹni tó bá rí mi lọ́jà á ní kí n kọ́kọ́ sọ ẹrù kalẹ̀. Mo ti sọ ọ́ títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi gbẹ, síbẹ̀ àwọn kan tún ń bù mọ́ ọn. Mo gbọ́ pé ẹnìkan ń sọ káàkiri pé ọkọ̀ òfuurufú ni mo lọ tún ṣe. N ò tún ọkọ̀ òfuurufú kankan ṣe. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ lè kà á, kí ẹni tó bá sì fẹ́ parọ́ rí nǹkan gidi tí yóò máa bù mọ́.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Ọdún mọ́kànlá ni mo lò ní èbúté Kútọnu nídìí àwọn ọkọ̀ agbẹ́rù tó ń lo bátìrì. Ọkọ̀ kúkúrú ni, ó ní ìka irin méjì níwájú, ìka yìí ló fi ń gbé ẹrù bí ìyá ṣe ń gbé ọmọ lórí ẹní. Kì í mu epo. Iná la máa ń rọ sí bátìrì rẹ̀ lálẹ́, kó lè ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án. Ọ̀kan nínú wọn, tí mo fọwọ́ ara mi tọ́jú fún ọdún mẹ́rin, ni wọ́n tà fún ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ìbàdàn. Ó débẹ̀, ó ṣiṣẹ́ fún oṣù díẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kú sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó wà níbẹ̀ wò ó títí ó fi sú wọn. Ni máníjà wọn bá ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi àtijọ́ pé kó bá òun wá ẹni tó mọ ìṣe ọkọ̀ náà láti ilé. Bí mo ṣe di àrè nìyẹn.

DÙGBẸ̀

Ọ̀nà Ìmẹ̀kọ títí dé Abẹ́òkúta, n ò ní sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Eruku rẹ̀ ṣì wà nínú àpò mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí a ṣe wọ Ìbàdàn ní ọ̀sán Sátidé. Mo rí ilé, mo ní a ti dé. A tún rìn, mo tún rí ilé, a tún rìn. Nígbà tó yá, mo bi dírẹ́bà pé ìgbà wo la máa dé Ìbàdàn gan-an. Ó wò mí nínú dígí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ó ti tó ogún ìṣẹ́jú tí a ti wà nínú Ìbàdàn." Gbogbo èrò ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dénú.

Ní Dùgbẹ̀ ni ẹni tó wá pàdé mi dúró sí. Ó gbé ojú pàálí bisikíìtì kan dání, ó fi ẹfun kọ KÉTU sí i gàdàgbà. Làmídì lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Kúdí ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ti lọ sílé ọkọ ní Ṣakí. Òun gan-an ló ń wa ọkọ̀ agbẹ́rù náà. Ó ti lé díẹ̀ ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta, ara rẹ̀ tín-ín-rín, fìlà rẹ̀ sì mọ́ ju bàtà mi lọ.

"Ẹ kú ìrìn o," ó ní. "Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ kú ọyẹ́. Ilé ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá wa ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ ò dùn wọ́n?"

Mo dúró, mo ń ronú ibi tó ti gbọ́ pé ẹsẹ̀ ń dun ìyá mi. Kò gbọ́ ọ níbì kankan. Àwa náà ń kíni ní Kétu, ṣùgbọ́n ti Ìbàdàn lágbára. Kí èèyàn tó dáhùn ọ̀kan, wọ́n ti bèèrè mẹ́ta.

Obìnrin kan tó ń ta ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbọ́ ohùn mi, ó ní, "Àlejò yìí mà gbọ́ Yorùbá o! Ṣé Ègùn ni wọ́n ni?"

Inú bí mi. Mo ní, "Ìyá, Yorùbá ni mí. Kétu ti lọ́ba kí ẹnikẹ́ni tó dáná níbi tí ẹ jókòó sí yìí."

Mo rò pé yóò gbaná jẹ. Ó pàtẹ́wọ́ ni, ó ní, "Ẹ ò rí i bó ṣe dùn lẹ́nu wọn! Bí ẹni ń ka Bíbélì." Ó sì mú ọsàn méjì tó tóbi jù nínú àtẹ rẹ̀, ó fi wọ́n sí mi lọ́wọ́, ó kọ̀ kò gba nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe rí nìyẹn. Ẹ máa bínú sí wọn, wọn á máa fún yín lóúnjẹ.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa lọ sí Àgbowó, Bàbá Kúdí sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. 

"Ará Kétu, n ò ní tàn yín. Máníjà ti ní bí ọkọ̀ yẹn ò bá ṣiṣẹ́ odidi ọjọ́ kan láìkú kó tó di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, àwọn onírin àlòkù lòun máa tà á fún. Wọ́n á padà sí ọmọlanke." Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó na apá rẹ̀ fún mi wò. "Ṣé apá yìí lẹ rò pé ó máa ti ọmọlanke? Bí wọ́n bá ta ọkọ̀ yẹn, wọ́n ti ní kí èmi náà máa lọ sílé nìyẹn."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo ní mo mọ ọkọ̀ náà bí ẹní mowó. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí, mo lẹ́nu.

ÀGBOWÓ

Ilé Bàbá Kúdí ni mo wọ̀ sí, yàrá kan àti pálọ̀, nínú ilé alájà kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kún fọ́fọ́. Ọ̀kan nínú wọn ń kọ́ èdè Faransé. Bó ṣe gbọ́ pé ará Kútọnu dé ló sáré sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Bọ̀ǹsúà, mùsíọ̀!" Mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o." Ojú rẹ̀ fà ro, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì bá a sọ díẹ̀ kó lè rójú sùn.

Ìyá Kúdí, ìyàwó rẹ̀, télọ̀ ni. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Bódìjà. Ará Ìsẹ́yìn lòun àtọkọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi bí ẹni pé èmi ni mo bí ọkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ n ò ju àbúrò rẹ̀ lọ. Kí n tó tú bàtà, ó ti gbé èkuru funfun àti ata díndín síwájú mi, ẹ̀kọ gbígbóná sì wà nínú abọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi tó jẹ́ pé mo máa ń sọ ní Kétu pé n kì í jẹ oúnjẹ ọlọ́ńjẹ, mo jẹ abọ́ méjì. Ìyá Kúdí ní mi ò jẹun rárá.

Ṣùgbọ́n ohun tó yà mí lẹ́nu jù ní pálọ̀ náà ni pé gbogbo nǹkan ibẹ̀ ló wọ aṣọ. Tẹlifíṣàn wọ aṣọ funfun tó ní òdòdó létí. Rédíò wọ tiẹ̀. Apá àwọn àga náà wọ aṣọ. Sitabiláísà pàápàá, àpótí irin kékeré tó ń dáàbò bo tẹlifíṣàn nígbà tí iná bá pọ̀ jù tàbí tó bá kéré jù, ó wọ aṣọ búlúù tó balẹ̀ dé ẹsẹ̀. Mo wo ara mi, mo rí i pé èmi nìkan ni aṣọ mi dọ̀tí níbẹ̀.

"Ìyá Kúdí, ṣé ẹ̀yin lẹ rán gbogbo èyí?"

"Èmi ni o. Ohun tó bá ń ṣiṣẹ́ fún èèyàn, ẹ jọ̀ọ́, a kì í fi í sílẹ̀ ní ìhòòhò. Ẹ sì wo eruku ọyẹ́ yìí."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi, mo rẹ́rìn-ín. Mo nawọ́ sí èkuru. Ká ní mo ti ronú díẹ̀ sí i lọ́jọ́ náà ni, ǹ bá ti sinmi wàhálà.

Iná mànàmáná kò sí ní àdúgbò náà lọ́jọ́ tí mo dé, kò sì dé títí di Wẹ́sìdeè. Tẹlifíṣàn jókòó nínú aṣọ rẹ̀ bí ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ rìnrìn-àjò. Lọ́jọ́ Àìkú, Ìyá Kúdí fi wàrà tí wọ́n gbé wá láti Mọ́níyà ṣe mí lálejò, àwọn ará ilé sì ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan láti wá wo ará Kútọnu. Wọ́n bi mí bóyá òótọ́ ni pé a máa ń gbé búrẹ́dì tó gùn bí igi sí abíyá. Mo ní òótọ́ ni, mo sì ní ó sàn ju tiwọn tó rọ̀ bí ìrọ̀rí lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ẹnìkan lọ ra búrẹ́dì ìrọ̀rí náà wá fún mi, ó ní kí n kọ́kọ́ jẹ ẹ́ ná. Ará Kétu, n ò lè parọ́: ó dùn.

OLÚYỌ̀LÉ

Ẹ máa gbóòórùn Olúyọ̀lé kí ẹ tó rí i. Ṣúgà àti bọ́tà ni atẹ́gùn ibẹ̀ ń fẹ́. Ìdí nìyí tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe fẹ́ràn ọkọ̀ oníbátìrì: bí èéfín epo dísẹ́ẹ̀lì bá kan bisikíìtì, bisikíìtì náà á máa rùn ni.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo rí ọkọ̀ mi. Àpá tó gbà ní èbúté ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ òsì, ṣùgbọ́n n ò rí i kó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá Kúdí máa ń nù ún láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó tilẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, Àbẹ̀kẹ́ ló ń pè é. Mo fọwọ́ pa á lára. Kí ẹ má rẹ́rìn-ín mi o, ó ń ṣe mí bí ẹni tó rí ọmọ rẹ̀ nílé ọkọ.

Máníjà wá kí wa. Ará Èkìtì ni, ó ga, ó so táì, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì. Ó bi mí pé, "Ẹ ṣọ́ọ̀ pé ẹ lè ṣe é?" Èmi tí Faransé ni mo gbọ́, Bàbá Kúdí ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi, pé ṣé ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ṣí bátìrì, mo fi ìgò fa omi inú sẹ́ẹ̀lì, àwọn yàrá kéékèèké inú rẹ̀, wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí omi náà ló ń sọ bí iná inú rẹ̀ ti tó. Bí bátìrì bá ń kú lóòótọ́, sẹ́ẹ̀lì kan tàbí méjì ló máa kọ́kọ́ ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló rí bákan náà, ara wọn le, wọ́n kàn rẹ̀ ni, bí ọmọ tí kò jẹun yó. Mo wá mọ̀ pé bátìrì kọ́ ló jẹ̀bi. Ẹni tó ń fún un lóúnjẹ ló yẹ kí n bi.

Ẹni náà ni ṣájà, àpótí irin ńlá kan tó wà lára ògiri ibi ìkẹ́rùsí. Ihò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì tó fi ń mí, fáànù wà nínú rẹ̀. Mo tàn án, mo fi mítà wọn ohun tó ń jáde. Ó ń rọ iná bí ẹni ń rọ omi. Fáànù ń yí. Mo fọwọ́ kan ara rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan, ara rẹ̀ tutù bí imú ajá. Mo rọ iná sí bátìrì láti àárọ̀ ọjọ́ náà títí di ìrọ̀lẹ́, ó kọjá ìdajì dáadáa, òru ló yẹ kó fi kún tán. Ní aago márùn-ún, kò ṣojú mi nígbà tí Bàbá Kúdí tún so ó mọ́ ṣájà fún ti òru, àmọ́ mo mọ̀ pé ó máa ṣe é. Ó ní kí n máa dúró de òun lẹ́nu géètì, òun fẹ́ kírun, òun fẹ́ ti ilé. Mo lọ dúró, mo ń jẹ bisikíìtì fífọ́ tí àwọn obìnrin tó ń di pàálí kó fún mi.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ọ̀sán pẹ̀lú iná tí mo rọ sí i lọ́sàn-án Mọ́ńdè, ṣùgbọ́n kó tó di aago mẹ́rin, ó ti ń wọ́ ẹsẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà ó kú. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, nígbà tó jẹ́ pé oúnjẹ òru nìkan ló jẹ, kò kọjá aago mẹ́wàá àárọ̀. Ó kú pẹ̀lú pàálí bisikíìtì lókè, lórí ìka rẹ̀.

Mo yẹ okùn wò. Mo pààrọ̀ ẹnu ìsoná. Mo bi ọlọ́dẹ bóyá ó máa ń pa ẹ̀rọ amúnáwá lóru kó lè rí oorun sùn. Ó fi Kùránì búra pé òun ò pa á rí, wọ́n sì yẹ epo wò, òótọ́ ló sọ. Mo bi Bàbá Kúdí pé, "Lóru, kí lẹ máa ń ṣe sí i kí ẹ tó lọ?" Ó ní, "Kò sí nǹkan kan. Mo kàn máa ń so ó, mo máa ń ti ilé." Ta ni í sọ fún àlejò pé òun ti fèrèsé? Ohun tí èèyàn ń ṣe lójoojúmọ́, kì í rántí pé òun ń ṣe é.

Èmi fúnra mi kì í sì í débẹ̀ kó tó di aago mẹ́jọ. Bàbá Kúdí máa ń jáde lẹ́yìn ìrun àsùbá, ṣùgbọ́n Ìyá Kúdí kọ̀ jálẹ̀ pé àlejò òun ò ní kúrò nílé láìjẹun. Nítorí àkàrà àti ògì, n ò rí ohun tó wà níwájú mi.

Àwọn òṣìṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ náà ń ṣàárò òkun ni. Máníjà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní ọ̀sán Wẹ́sìdeè, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, kò kí wa. Àwọn ọlọ́mọlanke dé, wọ́n ń kó pàálí sọ̀ kalẹ̀ lórí ìka irin náà. Bàbá Kúdí kò sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó sórí ìjókòó ọkọ̀ náà bí wọ́n ti ń kó ẹrù níwájú rẹ̀, ó di ìdarí mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ọkàn mi bàjẹ́. Ẹnu tí mo fi sọ pé mo mọ ọkọ̀ náà bí ẹní mowó, mo gbé e pa mọ́.

ÌRỌ̀LẸ́ WẸ́SÌDEÈ

Nígbà tí a délé, wọ́n dá iná padà. Gbogbo Àgbowó hó yèè! Ìyá Kúdí sáré lọ tan tẹlifíṣàn, a jókòó, a ń wo ìròyìn.  Láti àná ni Bàbá Kúdí ti ń pè mí ní "ìwọ" dípò "ẹ̀yin", inú mi sì ti dùn, nítorí mo mọ̀ pé mo ti di ọmọ ilé. Lálẹ́ yìí, ó tún padà sí "ẹ̀yin". Ìyẹn ló dùn mí jù.

A ò tíì wò ó ju ìdajì wákàtí lọ tí nǹkan kan fi dún "tá" nílẹ̀. Tẹlifíṣàn kú. Iná ilé ṣì ń tàn.

Mo fẹ́ dìde, Ìyá Kúdí ní, "Ẹ fi sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó sinmi. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Tó bá sinmi tán, á tan."

"Tó bá sinmi tán?"

"Ó máa ń rẹ̀ ẹ́ ni."

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sitabiláísà, mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ búlúù náà. Mo yára fà á yọ. Ó gbóná bí ìkòkò orí iná. Bí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá ti gbóná jù, nǹkan kan nínú rẹ̀ máa ń pa á kó má baà jó. Bó bá tutù, á tún tan, a ó sì máa wò ó bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ṣájà Olúyọ̀lé náà ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú. Mo gbójú sókè, mo wo tẹlifíṣàn, mo wo rédíò, mo wo apá àga. 

"Bàbá Kúdí," mo ní, "ṣé ṣájà ilé-iṣẹ́ yín náà ní aṣọ?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ẹ̀rín lójú rẹ̀ láti òwúrọ̀. "Ó ní o! Àrán ni! Ìyá Kúdí ló rán an nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀. Alaalẹ́ ni mo máa ń fi bò ó kí eruku má baà wọ̀ ọ́, mo sì máa ń ká a sínú kọ́bọ́ọ̀dù láàárọ̀ kó má baà dọ̀tí."

Ìyá Kúdí ti wọ yàrá lọ, ó mú èyí tó kù nínú aṣọ náà jáde wá fi hàn mí. Àrán pupa, ó nípọn, ó ń dán. Ó ní odidi ọjọ́ mẹ́ta lòun fi rán an, òun fi aṣọ mìíràn tẹ́ inú rẹ̀ kó lè le. "Òun ló ń bọ́ wa," ó ní. "Ẹ ò rí i pé ó yẹ kó wọ nǹkan gidi."

Mo ní ó dára. Mo ní iṣẹ́ ọwọ́ wọn mọ́. N ò lè sọ nǹkan mìíràn. Ẹ̀yin náà ẹ jẹ èkuru obìnrin kan fún ọjọ́ márùn-ún, kí n wá wo bí ẹ ó ṣe sọ fún un.

ÀBẸ̀KẸ́

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, n ò lọ sẹ́nu géètì. Mo dúró sẹ́yìn pàálí, mo ń wo Bàbá Kúdí. Ó so bátìrì mọ́ ṣájà. Ó kírun. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú àrán náà jáde, ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó sì wọ̀ ọ́ fún ṣájà náà. Ó ń fa etí rẹ̀ wálẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, bí ẹni ń múra fún ọmọ lọ́jọ́ Iléyá. Gbogbo ihò tí ẹ̀rọ náà fi ń mí ni aṣọ náà dí pátápátá.

Mo jáde sí i, mo sọ fún un. Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Mo ní wákàtí kan péré ni ṣájà náà ń ṣiṣẹ́ kí ooru tó pa á, kó tó tutù nínú àrán yẹn, ó di ìdajì òru, á tún ṣiṣẹ́ díẹ̀, á tún kú. Mo mú ọwọ́ rẹ̀, a jọ dúró títí aṣọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, mo sì fi ọwọ́ náà sí abẹ́ rẹ̀.

Ó jókòó sórí pàálí kan. 

"Ṣé èmi ni mo ń pa Àbẹ̀kẹ́?"

"Ẹ ò mọ̀ ni, Bàbá."

"Má sọ fún Ìyá Kúdí," ó ní. Ó tún ti pè mí ní ìwọ.

Ó ká àrán náà, ó kì í sínú àpò ọ̀rá. Ṣájà sun ìhòòhò lóru ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, n ò jẹ àkàrà. Mo bá Bàbá Kúdí jáde ní àsùbá. Mo fa omi bátìrì wò, gbogbo sẹ́ẹ̀lì ló yó. Àbẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Aago mẹ́wàá lù, ó ń gbé ẹrù. Àwọn obìnrin tó ń di pàálí bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Bàbá Kúdí lọ kírun Jímọ̀, ó padà, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Aago mẹ́rin lù. Nígbà tó gbé pàálí ìkẹyìn lé orí àwọn yòókù ní aago márùn-ún ku díẹ̀, àwọn obìnrin náà pariwo, ọ̀kan nínú wọn sì bú sí orin. Mo lọ wẹ ọwọ́ mi.

Máníjà ní kí àwa méjèèjì wá sí ọ́fíìsì òun.

Mo ti kọ ìwé kékeré kan sílẹ̀ pé ṣájà kò rí afẹ́fẹ́ tó, ó sì ti rí i báyìí. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ó kà á, ó bi mí pé, "Kí ló dí afẹ́fẹ́ náà lọ́wọ́?"

Mo wo ẹsẹ̀ mi. "Eruku" ti dé orí ahọ́n mi. Kí n tó lanu, mo gbọ́ tí ọ̀rá dún. Bàbá Kúdí ti fa àrán pupa náà jáde, ó sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì níwájú máníjà.

"Èmi ni, sà. Alaalẹ́ ni mo ń fi èyí bò ó. Ìyàwó mi ló rán an. Mo rò pé mò ń tọ́jú ẹ̀ ni. Ará Kétu mọ̀, àṣírí mi ló ń bò, ṣùgbọ́n n ò fẹ́ kó torí mi purọ́ kó tó padà sílùú ẹ̀. Ohun tí ẹ bá fẹ́ ṣe, sà, ẹ ṣe é."

Máníjà fọwọ́ pa àrán náà.  Ojú rẹ̀ wá rìn lọ sórí tábìlì, èmi náà sì tẹ̀lé e. Kọ̀ǹpútà kan wà níbẹ̀, ó wọ aṣọ funfun. Tẹlifóònù wọ aṣọ. Lábẹ́ tábìlì, sitabiláísà kan wà, ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi okùn wúrà ká létí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀.

"Yéè!" Ó fọwọ́ náà sẹ́nu.

Ó bọ́ aṣọ aláwọ̀ ewé náà, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àrán. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí kọ̀ǹpútà yìí ti ń kú fúnra ẹ̀. Mo ti fẹ́ ní kí wọ́n bá mi gbé òun náà tà." Ó wo Bàbá Kúdí. "Ìyàwó yín ló rán tiyín?"

"Òun ni, sà."

"Ìyàwó mi ló rán tèmi." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín gan-an, títí táì rẹ̀ fi yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ máa lọ sílé, Bàbá. Mọ́ńdè, aago mẹ́fà ààbọ̀, ẹ má pẹ́ o." Bàbá Kúdí ká àrán rẹ̀ padà sínú ọ̀rá, a ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí máníjà pè wá padà. "Ará Kútọnu, ọ̀rọ̀ kan kù. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un?"

 Àwa náà ní tiwa láti sọ.

ÀRÁN PUPA

Bàbá Kúdí kò lè sọ ọ́. Ó jókòó, ó ń wo òkè àjà. Èmi ni mo sọ ọ́ fún Ìyá Kúdí. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́ tí kò ní bọ́ mọ́, kí ayọ̀ lè ṣáájú, kí n tó dé orí aṣọ.

Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Ó gbóná?"

"Ó gbóná, mà."

"Lálaalẹ́?"

"Lálaalẹ́."

"Kò sì lẹ́nu tí yóò fi sọ." Omi lé ròrò sí ojú rẹ̀. N kò mọ obìnrin mìíràn tó lè ṣàánú àpótí irin báyẹn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi nítorí rẹ̀.

Ó dìde, ó bọ́ aṣọ sitabiláísà. Ó bọ́ ti tẹlifíṣàn, ó bọ́ ti rédíò, ó ń ká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi ti àga sílẹ̀. Pálọ̀ náà wá dà bí ilé tí wọ́n fẹ́ kó kúrò. Nígbà tí mo fẹ́ gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi àrán pupa náà sí mi lọ́wọ́, òun àti àkàrà tó tó èèyàn mẹ́ta.

"Fún ìyàwó rẹ," ó ní. "Ṣùgbọ́n bá mi sọ fún un o, ohun tí kì í gbóná ni kó fi bò."

Mo délé. Ìyàwó mi rí àrán, ó fò sókè. Mo lọ wẹ̀, mo padà dé, àrán ti wà lórí rédíò. Mo ní kó gbé e kúrò. Ó ní ta ni wọ́n fún, ṣé òun tàbí èmi? A jọ wo gbogbo yàrá, a ń wá ohun tí kì í gbóná. Òun ló rí i.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, dírẹ́bà kan tó gba ọ̀nà Ìmẹ̀kọ wá gbé pàálí bisikíìtì kan fún mi. Bàbá Kúdí fi ẹfun kọ̀wé sára rẹ̀: "Àbẹ̀kẹ́ ń ṣiṣẹ́. Ìyá Kúdí máa ń bi mí nírọ̀lẹ́ pé ṣé ara rẹ̀ tutù."

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ mọ bí Ìbàdàn ṣe rí, ẹ yà sílé wa. Ẹ ó rí àmù omi wa ní igun yàrá, ó wọ àrán pupa tó balẹ̀ dé ẹsẹ̀. Ẹ ṣí i, ẹ bu omi mu. Ó tutù.